Ṣé Ẹ̀ṣẹ̀ Ni Òùngbẹ Ọtí?

Ní Dàda Estate níbí, ayọ̀ ńlá ni bí ẹnìkan bá jẹ́wọ́ pé òun ti fi ọtí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n lọ́jọ́ kejì, kíá la ó ní kò tíì ronúpìwàdà. A ṣì í sọ. Ebi pa Olúwa wa ní aginjù lẹ́yìn 40 ọjọ́. Ta ló kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn? (Kí àwa náà fi obì sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ná!)

Ọ̀mu-lójoojúmọ́ tó bá dáwọ́ dúró lójijì, gìrì lè mú un láàárín ọjọ́ 3. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ṣáájú, kí a sì máa gbàdúrà. Bí òùngbẹ bá dé, ẹ bá a jókòó títí yóò fi rọlẹ̀, ẹ fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná mu, kí ẹ sì sìn ín délé, kó má baà dá kọjá lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù ọlọ́tí.