Àánú Olùkọ́

Obìnrin àkọ́kọ́ ni a máa ń yìn; ta ló ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ṣáájú rẹ̀? Ọ̀jọ̀gbọ́n Grace Alele-Williams kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìṣirò ní Ẹdẹ kí ó tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìkọ́ni ní ìṣirò ní Chicago ní 1963. Ní 1985 ó di gíwá yunifásítì ní Ìbíní, obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe é ní Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ yunifásítì ti wà ní Ìbàdàn láti 1948. Ní Avrankou níbí, bí ìṣirò bá le fún ọmọbìnrin, àwa olùkọ́ a ní kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú. Àánú ni a pè é. Ọmọkùnrin tí ó le fún, àfikún ẹ̀kọ́ ni a ń fún un.