ÌRÒNÚ ÒWÚRỌ̀: Ilé Gíláàsì Tó Jóná

 

Ẹ kà: Máàkù 13:1-2, Jòhánù 1:29

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ẹ mọ Crystal Palace. Ẹ̀ ń wọ ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀, àwọn ọmọ yín sì ń pariwo ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó ń jẹ́ orúkọ yẹn. Àmọ́ ààfin ọ̀hún fúnra rẹ̀ dà? Gíláàsì àti irin ni wọ́n fi kọ́ ọ, Joseph Paxton ló ya àwòrán rẹ̀. Hyde Park ló kọ́kọ́ wà lọ́dún 1851, kí wọ́n tó tú u, tí wọ́n sì tún un kọ́ sórí òkè Sydenham. Ọbabìnrin Victoria ló ṣí i níbẹ̀ lọ́dún 1854. Lálẹ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 1936, iná mú un. Àtẹ̀gùn òkúta àti ère díẹ̀ ló kù.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí iná ò rí jó. Ní 7 oṣù Kẹwàá ọdún 1857, Charles Spurgeon wàásù nínú ilé yẹn fún èèyàn tó lé ní 23,000. Ọmọ ọdún 23 ni, kò sì sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn nígbà náà o! Nítorí náà, ó ti kọ́kọ́ lọ dán ohùn rẹ̀ wò kí ọjọ́ náà tó pé. Ọ̀rọ̀ Jòhánù Onítẹ̀bọmi nípa Ọ̀dọ́-Àgùntàn Ọlọ́run ló fi dán an wò. Spurgeon fúnra rẹ̀ ló ròyìn pé òṣìṣẹ́ kan wà lókè lọ́hùn-ún tí kò mọ ohun tó ń lọ. Gbólóhùn yẹn wọ̀ ọ́ lára, ó gbé irinṣẹ́ sílẹ̀, ó gbalé lọ, ó sì bá ọkàn rẹ̀ jà títí ó fi rí Kristi. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, lórí ibùsùn ikú, ló tó sọ ọ́ fún ẹni tó wá bẹ̀ ẹ́ wò.

Ìwàásù gan-an kọ́ o. Ìdánwò ohùn lásán ni!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ ọmọ mẹ́ta péré ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, tẹ́ ẹ ti fẹ́ fi í sílẹ̀. Ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín ń di etí sí ọ̀rọ̀ yín, ẹ má tíì dákẹ́. (Owó ilé ìjọ tá a ń kọ́ ṣì wà nílẹ̀, mi ò ní kẹ́ ẹ má san án o.)

Àdúrà: Olúwa, ọ̀rọ̀ tí mo bá sọ lónìí nínú ọkọ̀, níbi iṣẹ́ àti nílé, rán an lọ bá ẹni tí mi ò rí. Lórúkọ Jésù. Àmín.