Mi Ò Ní Fo Ilé Ìwòsàn

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà ní Tafo, ẹ gbọ́ ẹ̀rí mi. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bẹ̀: tí mo bá dé ibi tí nọ́ọ̀sì ti wọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má fi Àmín bò mí lẹ́nu. Nínú ẹ̀rí, a mọ ilé ìwòsàn-án fò. Àìsàn dé, a gbàdúrà, ara yá. Mi ò ní fò ó lónìí.

Ẹ mọ̀ mí ní Suame Magazine, ní Kumasi níbí, níbi tí mo ti ń ta páàtì ọkọ̀. Ní 2022, lẹ́yìn tí ìyàwó mi papò dà, oorun kọ̀ mí. Bí aago méjì òru bá ti lù, ojú mi á là, àyà mi á máa já. Oúnjẹ di iyẹ̀pẹ̀ lẹ́nu mi. Oníbàárà á béèrè bíréèkì, èmi á máa wò ó lẹ́nu bí ẹni tí kò gbọ́ Twi rí. Ẹ̀yin á ní, "Bàbá, ṣé kò sí?" Èmi á ní, "A dúpẹ́."

Mo ti rí nǹkan yìí rí, lára bàbá mi. Ọmọ ọdún méje ni mí ní oṣù Kọkànlá 1969, nígbà tí ìjọba Busia ní kí àlejò tí kò níwèé ìgbélùú kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá mi ti lé ní ogún ọdún ní Kumasi, páàtì kẹ̀kẹ́ ló ń tà. Àpótí kan àti ìwé gbèsè ló gbé dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ojoojúmọ́ ló ń jókòó ní ọ̀ọ̀dẹ̀, tí ń ka orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó ní ọjà Kejetia. Nígbà tó yá, kò kà á mọ́. Àwọn àgbà ní ìrònú ni, wọ́n ní kó ṣọkàn akin. Bẹ́ẹ̀ láti 1954 ni Dókítà Adeoye Lambo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro, l'Abẹ́òkúta, tí aláìsàn ń gbé láàárín ará abúlé, tí ẹbí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, tí ó ń gba ìtọ́jú. Ní agboolé tiwa, èébú ni Aro. Bàbá mi kú ní 1974.

Nígbà tó kàn mí ní 2022, èmi náà ò lè lanu. Ẹ̀rù wèrè bà mí, àmọ́ òmíràn tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn òru kan wà tó dà bíi pé ikú sàn jù. Òfin Ghana nígbà náà sì ni pé ẹni tó bá gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀, tí kò kú, ọ̀daràn ni. Mo rò pé ọlọ́pàá ni wọn ó pè sí mi. Oṣù Kẹta 2023 ni ilé aṣòfin tó fagi lé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ẹni tí kò gbọ́.

Mo lọ sí ilé àdúrà kan. Ààwẹ̀ ọjọ́ méje ni wọ́n fún mi, èmi tí oúnjẹ ò gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ tẹ́lẹ̀! Mo gbẹ bíi panla. Mi ò bá àdúrà jà o. Àmọ́ ní Magazine, tí ẹ́ńjìnnì bá nọ́ọ̀kì, a kì í gbààwẹ̀ fún un.

Ọmọbìnrin mi ló jókòó tì mí lálẹ́ ọjọ́ kan. Kò bi mí pé ṣé kò sí. Ó ní, "Bàbá mi, ṣé ó máa ń wá sí yín lọ́kàn pé kí ẹ kú?" Ọmọ tí mo bí! Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Àwọn kan ní bíbéèrè irú rẹ̀ ló ń fi í síni lọ́kàn. Irọ́ ni. Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́.

Ilẹ̀ mọ́, a wọ trotro lọ sí ilé ìwòsàn Komfo Anokye, tí ẹ̀ ń pè ní Gee. Ẹ mọ idà Okomfo Anokye tó wà nínú ọgbà ibẹ̀, èyí tí wọ́n ní kò sẹ́ni tó lè fà á tu. Mo ní bí tèmi náà ṣe rì sí àyà mi nìyẹn. Nọ́ọ̀sì tó pè mí wọlé, ọmọdé ni. Ó béèrè oorun, ó béèrè oúnjẹ, ó béèrè ìyàwó mi, ó sì dákẹ́ kí n sunkún tán. Ó ní àìsàn ni, ó ní ìtọ́jú. Dókítà kọ oògùn, ó ní ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí n tó mọ̀ ọ́n lára, pé bí ara bá sì yá, kí n má dá a dúró fúnra mi.

Ẹnu mi gbẹ, orí mi wúwo, mo fẹ́ dà á nù. Ọmọ mi ò gbà. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ẹnìkan ń dín iyán àná nílé kejì, òórùn rẹ̀ gbà mí nímú, ebi sì pa mí. Mo jókòó sílẹ̀, mo ń sunkún ayọ̀ nítorí ebi.

Mo ṣì ń lọ. Ọpẹ́ mi ló wà nínú àpòòwé yìí. Mo ti bá pásítọ̀ sọ ọ́, owó trotro ni, fún ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Gee. Kò sẹ́ni tí yóò kọ orúkọ sílẹ̀. Tí ẹ bá sì ń fẹ́ ẹni tí yóò bá yín jókòó lórí bẹ́ǹṣì ibẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mi ò kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù.