Kí A Tó Pe Nǹkan Ní "Nice"

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òwe yìí kò mọ sórí ìkókó nìkan. Ó bá gbogbo ọ̀rọ̀ tí a fi ń júwe nǹkan wí. Nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà lẹ́nu wa, mi ò mọ èyí tí a ń sọ láìwolé tó "nice". Ọbẹ̀ ni, "nice". Bàtà ni, "nice". Ìwàásù pásítọ̀ pàápàá, "nice". Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ti rìn jìnnà. Láti inú "nescius" ti Látìn ló ti wá, ìyẹn ẹni tí kò mọ nǹkan. Ó gba ọ̀dọ̀ Faransé wọ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 1300, òmùgọ̀ ló sì ń jẹ́ nígbà náà. Nígbà tó yá, ó di ẹni tó ń ṣe fínnífínní, ó tún di ìyàtọ̀ tín-ín-rín tó jẹ́ pé ojú tó mú ló lè rí i. Ọ̀rúndún kejìdínlógún ló tó di ohun tó wuni. Nínú Northanger Abbey, ìwé Jane Austen tó jáde lópin 1817 lẹ́yìn ikú rẹ̀, Henry Tilney ti ń fi Catherine Morland dápàárá nítorí pé ó pe ìwé ìtàn kan ní "nice".

Ẹnìkan lè ní ọ̀rọ̀ a máa yí padà, Látìn ò kan àwa. Òótọ́ ni, n kò sì ní kí a padà sí ti àtijọ́. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni wíwò. Ẹ wo télọ̀ tó tú ọrùn bùbá léèsì lẹ́ẹ̀mejì kó má bàa hunjọ, tó to òdòdó apá ọ̀tún kó lè bá ti òsì dọ́gba. Oníbàárà wọ̀ ọ́, ó ní "nice", ó lọ. Kí ni télọ̀ yóò mú nínú ìyẹn? "Ọrùn yìí jókòó dáadáa" ì bá jẹ́ kó mọ̀ pé a rí iṣẹ́ òun. Àtakò tó le jù ni pé "dára" tiwa náà ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ó ń ṣe é, nígbà tí a bá ń kánjú. Ṣùgbọ́n Yorùbá tó fara balẹ̀ mọ̀ pé ọbẹ̀ a máa dùn, aṣọ a máa yẹni, afẹ́fẹ́ a máa tura, ènìyàn a sì níwà. Ti "Nice to meet you" yàtọ̀; ìkíni ni, bí "ẹ kú àbọ̀", kò júwe ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ lẹ́tà ẹ̀rí fún ọmọ tó ń wáṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ pé ó "nice". Ẹ kọ ọ́ pé ó ń tètè dé, pé owó kì í dín lọ́wọ́ rẹ̀.