ORÚKỌ TÍ KÒ SÍ NÍNÚ ÌWÉ

Ọjọ́rú, 24 Oṣù Kẹsàn-án
Kíkà: Ìṣe Àwọn Àpósítélì 6:1-7
Àkọ́sórí: Jákọ́bù 2:15-16 (Ṣí Bíbélì rẹ, kí o kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì.)

Olùfẹ́ nínú Olúwa, ọjọ́ ńlá ni òní jẹ́ fún àwa tí a ń sin Ọlọ́run ní etíkun Àgbádárìgì. Ní 24 Oṣù Kẹsàn-án 1842 ni Thomas Birch Freeman, ìránṣẹ́ Ọlọ́run nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí ìlú yìí. Lábẹ́ igi Àgíà ni wọ́n ti wàásù Ìhìnrere lọ́dún náà. Igi náà wó ní 1959, ṣùgbọ́n ohun ìrántí wà níbẹ̀ di òní, àwọn ènìyàn sì ń wá ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ohun tí a kì í sábà sọ nígbà tí a bá ń ṣe àjọyọ̀ ni ti àwọn tó ránṣẹ́ pè é. Àwọn Sàró wà lára wọn: àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì kó lọ sí Freetown. Ní 1839 díẹ̀ nínú wọn da owó jọ, wọ́n ra ọkọ̀ ojú omi kan tí ìjọba ti gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú, wọ́n sì fi í wá sílé. Rò ó wò! Ọkọ̀ ẹrú ló gbé wọn padà. Wọ́n dé Àgbádárìgì níbi tí ọjà ẹrú Vlekete wà, nígbà tí òwò yẹn kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ ní etíkun wa. Wọn kò ní àlùfáà. Ọ̀kan nínú wọn, James Ferguson, kọ̀wé sí àwọn Mẹ́tọ́díìsì ní Freetown pé kí wọ́n rán oníwàásù sí wọn. Kí ìwàásù tó dé ibí, lẹ́tà àwọn tí ayé ti tà rí ló kọ́kọ́ jáde.

Mo ń sọ èyí nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìjọ tí Ọlọ́run fi mí ṣọ́.

Ní Oṣù Kejìlá 2023, ọdún tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí owó ọkọ̀ láti Àgbádárìgì dé Mile 2 ń já àyà ènìyàn, a pinnu pé a ó fún àwọn opó àti aláìní inú ìjọ ní ìrẹsì Kérésì. Àwọn ará fi tayọ̀tayọ̀ mú un wá. Àpò mẹ́wàá pé. Èmi ni mo ṣe ìwé orúkọ. Kí n tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, ìṣirò owó ni mo kọ́ ní Poli, nítorí náà mo fẹ́ kí ìwé máa ṣe rẹ́gí. Mo tẹ fọ́ọ̀mù jáde, èdè Gẹ̀ẹ́sì lójú kan, Yorùbá lójú kejì. Ẹni tó bá fẹ́ gbà, kó kọ ọ́, kó sì mú un wá sí ìdàpọ̀ inú ilé tó sún mọ́ ọn. Mo kéde rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí a pín in, ìwé ṣe rẹ́gí. Kóńgò kan kò sọnù. Mo gbé ìwé náà sókè kí gbogbo ìjọ rí i, wọ́n sì ké Halelúyà.

Bí mo ṣe ń ti ilẹ̀kùn sítọ̀ọ̀, mo rí ìyá àgbàlagbà kan tí wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọmọ Ògù ni wọ́n, àwọn tí púpọ̀ nínú wa ń pè ní Ègùn. Otodo Gbame létí ọ̀sà ní Lekki ni ìyá ń gbé tẹ́lẹ̀, títí wọ́n fi wó ilé àwọn apẹja ibẹ̀ palẹ̀ láàárín Oṣù Kọkànlá 2016 àti Oṣù Kẹrin 2017. Ilé ẹjọ́ gíga Èkó dájọ́ ní Oṣù Kẹfà 2017 pé bí wọ́n ṣe lé wọn kò bófin mu, ṣùgbọ́n ilé ti wó. Ìyá kó ẹrù tó kù wá sọ́dọ̀ ẹbí wọn lápá ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ń yan ẹja tà. Bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń jókòó sí. Lọ́jọ́ yìí, mo rí i tí wọ́n ń ká ọ̀rá dúdú kan ní ìlọ́po mẹ́rin. Wọ́n fi í bọ abẹ́ ìró. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Pásítọ̀ wa, ẹ kú ọdún o." Wọ́n sì lọ.

Ọ̀rá yẹn ni wọ́n mú wá gba ìrẹsì. Orúkọ wọn kò sí nínú ìwé.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi pé àwọn ìyá kan ò kọ fọ́ọ̀mù, kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i. Ó bi mí pé, "Ta ló kà á fún wọn?" Inú bí mi. (Ẹ bá mi dúpẹ́ fún ìyàwó tí kì í pàtẹ́wọ́ fún gbogbo ohun tí pásítọ̀ bá ṣe.) Ìyá kò mọ̀wé kà. Yorùbá tí wọ́n gbọ́ kò ju ti ọjà lọ. Kò sí ìdàpọ̀ inú ilé kankan ní òdìkejì omi níbi tí wọ́n ń gbé. Nínú gbogbo ìkéde ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, "ìrẹsì" àti ọjọ́ tí a ó pín in nìkan ni wọ́n gbọ́.

Padà sí ibi kíkà wa. Ìjọ Jerúsálẹ́mù kì í ṣe ìjọ tútù. Ẹ̀mí Mímọ́ ti bà lé wọn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ti rí ìgbàlà, arọ ti dìde rìn. Síbẹ̀ nínú ìjọ iná yìí, àwọn opó kan wà tí oúnjẹ ojoojúmọ́ ń fò kọjá. Àwọn opó tí ń sọ èdè Gíríìkì ni. Bíbélì kò sọ pé ẹnikẹ́ni kórìíra wọn. Ó sọ pé a gbójú fò wọ́n ni. Ènìyàn lè fi ìkórìíra fi ebi pa ọmọnìkejì rẹ̀, ó sì lè fi fọ́ọ̀mù ṣe é.

Wo ohun tí àwọn Àpósítélì ṣe. Wọn kò bá àwọn tó ń kùn wí pé ẹlẹ́ran ara ni wọ́n. Wọn kò ní kí wọ́n lọ gbààwẹ̀ lé e lórí. Wọ́n pe gbogbo ìjọ jọ, wọ́n ní kí wọ́n yan ọkùnrin méje tó kún fún Ẹ̀mí àti ọgbọ́n. Jọ̀wọ́ ka orúkọ àwọn méje náà ní ẹsẹ karùn-ún, má ṣe fò wọ́n: Stéfánù, Fílípì, Prókórù, Níkánórì, Tímónì, Pámẹ́nà àti Níkólà. Orúkọ Gíríìkì ni gbogbo wọn. Níkólà kì í tilẹ̀ ṣe Júù láti ìbí. Ìjọ mú ìwé orúkọ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ sítọ̀ọ̀, ó kó o lé àwọn ènìyàn àwọn tó ń sunkún lọ́wọ́! Ó pẹ́ tí mo ti ń wàásù lórí orí yìí nígbàkígbà tí a bá fẹ́ yan díákónì, ṣùgbọ́n alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ ka àwọn orúkọ yẹn bí ẹni tó ń yẹ ìwé owó wò.

Ka ẹsẹ keje pẹ̀lú. Lẹ́yìn tí wọ́n tún tábìlì ṣe ni ọ̀rọ̀ Ọlọ́run gbilẹ̀, tí ọ̀pọ̀ àlùfáà pàápàá fi gbàgbọ́. A ti gbàdúrà ìdàgbàsókè ìjọ títí ohùn wa fi ha, a kò béèrè bóyá ibi ìpín oúnjẹ ni ìdíwọ́ wà.

Má rò pé àwọn baba wa ìgbàanì sàn jù wá lọ nínú ọ̀ràn yìí. Ajayi Crowther tó dé Àgbádárìgì ní Oṣù Kìíní 1845, ẹrú ni òun fúnra rẹ̀ rí. Ọ̀ṣogùn ni wọ́n ti mú un ní 1821. Síbẹ̀ lára àwọn ọmọ ìjọ tí ìran tirẹ̀ kó jọ nílẹ̀ Yorùbá, àwọn kan ní ẹrú nílé. Wọ́n ń kọrin ìdáǹdè lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹrú sì ń ro oko wọn lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tí James Johnson ń ṣe alábòójútó ìjọ CMS ní Abẹ́òkúta láàárín 1877 àti 1880, ó tẹnu mọ́ ọn pé ẹrú níní kò bá ìgbàgbọ́ mu. Àwọn olówó inú ìjọ bínú sí i. Ní Oṣù Kẹta 1880, ìpàdé ńlá kan wáyé ní Èkó lórí ọ̀ràn náà: wọ́n ní òṣìṣẹ́ ìjọ kò gbọdọ̀ ní ẹrú, ṣùgbọ́n wọ́n fọwọ́ pẹ̀lẹ́ mú àwọn ọmọ ìjọ yòókù. Lọ́dún kan náà ni wọ́n mú Johnson kúrò ní Abẹ́òkúta.

Kí a tó dá wọn lẹ́jọ́, jẹ́ kí n béèrè: ọmọ ọ̀dọ̀ ilé rẹ ńkọ́? Láti ẹ̀yìn ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, láti abúlé orí omi, láti ìpínlẹ̀ mìíràn ni wọ́n ti ń kó àwọn ọmọ wọ̀nyí wá. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó láti 2007. Mo ti rí ọmọbìnrin kan nínú ọgbà ìjọ, kò lè ju ọmọ ọdún méjìlá lọ, tó pọn ọmọ ọ̀gá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn dé òpin, tí ọ̀gá rẹ̀ sì ń jó nínú ilé. Kì í lọ sílé ìwé. Ìwàásù tí kò gbọ́ rí, kò níye. Arábìnrin, ta ló fọ aṣọ funfun tí o wọ̀ jó?

Ní Oṣù Kìíní 2024, mo jẹ́wọ́ níwájú ìjọ. Kò rọrùn fún mi. Mo kó ìwé orúkọ fún ìyá Ògù méjì àti bàbá apẹja kan. Wọn kò lo fọ́ọ̀mù. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń ti ilé dé ilé. Mo rò pé orúkọ méjìlá ni wọn yóò mú wá. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n mú wá. Mẹ́sàn-án nínú wọn kì í ṣe Ògù rárá. Yorùbá bíi tèmi ni wọ́n, tí ojú ń tì láti fi fọ́ọ̀mù aláìní lé aládùúgbò wọn lọ́wọ́ ní ìdàpọ̀ inú ilé. Ọ̀kan nínú wọn wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wa.

A tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun pọ̀ lẹ́yìn ìsìn, lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ẹni tó fún ni àti ẹni tó gbà ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Èyí le ju pínpín lọ. O lè bu ìrẹsì fún ènìyàn láì mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá jọ ń yọ egungun ẹja, yóò sọ fún ọ pé onílé fẹ́ lé òun síta. Ibẹ̀ gan-an ni a ti gbọ́ ti opó kan tí onílé ní kó kó jáde lọ́jọ́ kejì. Lọ́yà kan nínú ìjọ bá onílé náà sọ ọ́ pé òfin kò gbà kó lé ayálégbé bẹ́ẹ̀ láìsí ìwé ìkìlọ̀. Opó náà ṣì wà nínú yàrá rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú rẹ̀ dùn. Arákùnrin kan tó máa ń fún wa ní àpò ìrẹsì méjì sọ pé iṣẹ́ ìjọba kọ́ ni òun wá ṣe nínú ìjọ, ó sì dáwọ́ dúró. Mo ti lọ kí i lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbà mí dáadáa, ó fún mi ní ohun mímu, ṣùgbọ́n kò tíì dárúkọ ìrẹsì. Àpò mẹ́jọ ni Kérésì 2024 bá wa. Ẹni tó gba kóńgò mẹ́rin tẹ́lẹ̀ gba méjì àti ààbọ̀. Àwọn kan kùn, n kò sì bá wọn wí, nítorí ìrẹsì wọ́n.

Ẹni tó bá sì ń rò pé a ti pa àdúrà tì, kó wá sí ìṣọ́ òru wa lọ́jọ́ Ẹtì. Àwọn Àpósítélì pín iṣẹ́ ni, wọn kò fi ìwàásù sílẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti pín oúnjẹ títí tí wọn kò fi dárúkọ Jésù mọ́. Ebi mìíràn nìyẹn. Stéfánù tí a yàn sídìí tábìlì ni ó kọ́kọ́ kú fún Olúwa, Fílípì sì mú Ìhìnrere dé Samáríà. Ẹni tó ń gbé àwo kò rẹlẹ̀ sí ẹni tó di máíkì mú.

Ìyá ṣì ń jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Mo ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá síwájú. Wọ́n ní atẹ́gùn ẹ̀yìn dára ju fáànù wa lọ. Ògbufọ̀ Ògù ló lọ bá wọn níbẹ̀. Ní Kérésì 2024, ọ̀rá dúdú ni wọ́n tún mú wá. Èmi ni mo la ẹnu rẹ̀ dání tí wọ́n fi wọn ìrẹsì sí i.

IṢẸ́ ÒNÍ: Ronú kan ẹnì kan tí ń jókòó lẹ́yìn nínú ìjọ rẹ tí o kò mọ orúkọ rẹ̀. Bi í ní orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi yìí, kí o sì bi í níbi tó ń gbé.

ÀDÚRÀ
1. Bàbá, dárí jì mí fún gbogbo ẹni tí mo ti gbójú fò nígbà tí mo rò pé iṣẹ́ rẹ ni mo ń ṣe.
2. Olúwa, fún ìjọ wa ní ọkùnrin àti obìnrin tó kún fún Ẹ̀mí Mímọ́ àti ọgbọ́n, láti inú gbogbo èdè tí ń jọ́sìn láàárín wa.
3. Dárúkọ gbogbo ọmọ tí kì í ṣe ọmọ bíbí rẹ tí ń gbé nínú ilé rẹ, kí o gbàdúrà fún ilé ìwé rẹ̀ àti ọ̀la rẹ̀, ní orúkọ Jésù. Àmín.