Ebi Ta Ni Yóò Ṣọ́ Irúgbìn?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ mọ̀ pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tó bá ṣẹ́ ku ebu nìkan ńkọ́? Ṣé ká jẹ ẹ́, àbí ká máa wò ó títí ebi á fi pa wá?

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí dé bá. Òdòdó tulip ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ ilẹ̀ Netherlands. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó ń wà nínú ilẹ̀ rí bí àlùbọ́sà. Òun náà ni ebu rẹ̀. Kí òtútù tó le ni wọ́n ń gbìn ín, torí pé bí òtútù ò bá mú un tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 sí 16, kì í tanná dáadáa. Kó tó dìgbà yẹn, ibi gbígbẹ tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, bí àgbẹ̀ tiwa náà ṣe ń fi ebu iṣu sábẹ́ ibòji kó má baà rà. Ẹni tó ń tọ́jú irúgbìn, ọ̀la ló ń bá ṣàdéhùn.

Nígbà òtútù ọdún 1944 sí 1945, ogun ba àdéhùn náà jẹ́. Jámánì dí ọ̀nà oúnjẹ mọ́ àwọn ìlú ìwọ̀ oòrùn Netherlands. Nígbà tí oṣù kejì ọdún 1945 ń parí lọ, oúnjẹ tí wọ́n ń pín fún ẹnì kan lóòjọ́ ò tó kálórì 600 mọ́. Ebu tulip tí wọn ò rí gbìn nítorí ogun sì wà nílẹ̀. Wọ́n bó o, wọ́n yọ àárín rẹ̀ dànù torí pé ó lè ṣeni léṣe, wọ́n sè é bíi pòtétò. Síbẹ̀síbẹ̀, nǹkan bí 20,000 èèyàn ló kú.

Ẹlòmíràn á ní wọ́n ti jẹ ọ̀la wọn. Èmi ò gbà. Tí ẹni tó máa gbìn ín bá kú, ọ̀la ta ló kù?

Àmọ́ ẹ dúró ná. Ní Leningrad, ní Rọ́ṣíà, ìlú tí wọ́n sé mọ́ láti 1941 di 1944, àwọn onímọ̀ kan ń ṣọ́ irúgbìn tí wọ́n kó jọ láti káàkiri ayé. Wọ́n ń dáná sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ kí òtútù má ba pòtétò jẹ́. Ìrẹsì wà níbẹ̀, ẹ̀wà wà níbẹ̀. Ebi pa ọ̀pọ̀ nínú wọn kú, wọn ò fọwọ́ kàn án. Ṣé òmùgọ̀ ni wọ́n? Rárá o! Mo bọ̀wọ̀ fún wọn.

Báwo ni mo ṣe wá gbè sẹ́yìn ẹni tó jẹ, tí mo tún ń yin ẹni tí kò jẹ? Ìdí ni pé àwọn ará Leningrad yẹn, ebi tara wọn ni wọ́n fi ṣọ́ irúgbìn. Ìyẹn dáa. Kò sẹ́ni tó láṣẹ láti fi ebi ọmọ ẹlòmíràn ṣọ́ ọ. Ìyá tó se tulip fọ́mọ ẹ̀ ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, tí ẹnikẹ́ni bá ní ká fara da ebi òní kí ọ̀la lè dáa, ẹ má kọ́kọ́ bá a jiyàn. Ẹ kàn bi í pé: ẹ̀yin náà ńkọ́, kí lẹ jẹ láàárọ̀ yìí?