Ikú Tí Ń Mú Ìyè Wá

Ẹ̀kọ́ Kíkà: Jòhánù 12:20-26



Bí a bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ikú, kíá ni a ó wí pé, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀kọ́ wa yìí, Olúwa fi hóró àlìkámà kọ́ wa pé irúgbìn tí ó bá kọ̀ láti kú sínú ilẹ̀ kò lè so èso. Ẹlẹ́dàá ti kọ ẹ̀kọ́ kan náà sínú ara wa.

Ara wa kún fún ohun kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, tí àwọn dókítà ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Bí búlọ́ọ̀kù ti jẹ́ sí ilé ni wọ́n jẹ́ sí ara. Ọlọ́run fi àṣẹ sínú wọn pé èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ bá parí, tàbí tí ó bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, kí ó kú jẹ́jẹ́, kí àwọn yòókù sì kó o kúrò. Lójoojúmọ́, ó lé ní bílíọ̀nù 50 tí ń lọ báyìí lára àgbàlagbà, tí òmíràn sì ń rọ́pò wọn. Ní ọdún 1972, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Kerr, Wyllie àti Currie, fún ikú yìí ní orúkọ Gíríìkì, apoptosis, èyí tí í ṣe jíjábọ́ ewé lára igi.

Àwa ìyá mọ iṣẹ́ rẹ̀, bí a kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Nínú oyún oṣù méjì, ọwọ́ ọmọ ṣì rí pẹlẹbẹ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Sẹ́ẹ̀lì tí ó wà láàárín ìka ni ó ń kú kí ìka tó yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí a bá já ọmọ lẹ́nu ọmú, ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe omi ọyàn a kú, kí ọyàn lè sinmi.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń kú ju bó ti yẹ lọ, ààbò ara a wó, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń rí nínú àrùn HIV. Bí èyí tí ó bàjẹ́ bá sì kọ̀ tí kò kú, tí ó ń bí irú ara rẹ̀ sí i, ìyẹn ni jẹjẹrẹ. Ẹ wo jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ. Kòkòrò HPV, tí a ń kó nípa ìbálòpọ̀, ni ó ń fà á jù lọ. Ó máa ń ba p53 jẹ́, èròjà tí ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì tí ó bàjẹ́ pé kí ó kú. Aláṣẹ lọ, ọlọ̀tẹ̀ gba ilé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá arábìnrin tí ó ní àrùn yìí lẹ́bi. Ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ ni ó ń mú kí ọ̀pọ̀ fi í pamọ́ títí ó fi ń pẹ́ jù. Ó máa ń gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó fara hàn, àyẹ̀wò sì lè rí i kí ó tó di jẹjẹrẹ. Ẹni tí ó bá tún ń rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró, ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà pẹ̀lú rẹ̀, kí a sì sìn ín dé ilé ìwòsàn, ìbáà ṣe Ìdí-Àbà tàbí Lántòrò. Ní Oṣù Kẹwàá 2023, Ìpínlẹ̀ Ògùn wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14. Kì í sọ ọmọ di àgàn. Ẹ má ṣe fi àhesọ dù wọ́n.

Ẹ̀kọ́ kan kù. Sẹ́ẹ̀lì tí ó kọ̀ láti lọ kò mọ̀ pé ara tí òun ń jẹ run ni òun ń gbé. Ṣé kò sí irú rẹ̀ láàárín wa? Ìjà ọjọ́ pípẹ́ tí a kò jẹ́ kí ó kú ńkọ́? Ipò tí ó yẹ kí a ti fi lé àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́ ńkọ́? Àwọn àgbà ní, bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Láti Oṣù Kejìlá 1842 tí Thomas Birch Freeman ti dé Abẹ́òkúta, ẹni tí ó ṣíwọ́ ni ó ń fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ń bọ̀.

Olúwa, pa ohun tí ó yẹ kí ó kú nínú wa, kí ara Kristi lè yè. Dá ẹ̀mí àwọn arábìnrin wa sí. Àmín.